Ẹ Má Wó O, Ẹ Tú U

Ìbéèrè òǹkàwé lórí ilé kíkọ́. Bàbá Fóòmànù ló ń dáhùn láti Òkè-Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, gbogbo Ìbàdàn ti gbé hámà. Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń bi mí ní ohun kan náà: kí la ó ṣe sí àwókù? Mo ti kó ìbéèrè àwọn tó ń wá ọ̀dà àti táńkì omi sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ẹ fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwa ọmọ bàbá wa ti fẹnu kò láti wó ilé rẹ̀ ní Òkè-Àdó, ká kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Ọdún 1966 ni bàbá kọ́ ọ. Ọkùnrin kan tó ní katapílà sọ pé òun á wó o lọ́fẹ̀ẹ́, òun á sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ méjì, bí a bá ṣáà ti gbà kóun kó ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní oore ńlá ni. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. — Àbíkẹ́yìn Obìnrin, Òkè-Àdó*

Ọmọ mi, ọkàn rẹ ò tàn ọ́. Bí ẹnì kan bá ní òun á bá ọ pa màlúù lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní kó o ṣáà jẹ́ kóun máa gbé ẹran lọ, o mọ̀ pé oníṣòwò lẹni yẹn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn ṣòwò. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni màlúù ò tíì wo ara rẹ̀ dáadáa.

Jẹ́ ká jọ wọ inú ilé náà, bí mi ò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Mo mọ ilé Òkè-Àdó ayé ìgbà yẹn, ara wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ilẹ̀kùn iwájú á jẹ́ ìrókò tàbí ọ̀gànwó, á wúwo débi pé ọmọdé ò ní lè dá a tì. Igi òrùlé tó wà lókè àjà, bí ikán ò bá tíì bá a, ó le ju èyí tí wọ́n ń tà fún wa lónìí lọ fíìfíì, torí igi tó ti gbó ni wọ́n ń gé nígbà náà, kì í ṣe ọmọ igi. Páànù nípọn. Bó ti dípẹtà tó yẹn, àwọn tó ń kọ́ ìsọ̀ àti ilé adìyẹ ń wá irú rẹ̀. Wáyà iná inú ògiri, kọ́pà ni. Ka irin ojú fèrèsé mọ́ ọn, ka páìpù, ka síǹkì. Ohun tí oníkatapílà ń wò nìyẹn nígbà tó ń pe ọ̀fẹ́. Ìyẹn gan-an ò dùn mí tó pé irin nìkan ló máa rí yọ níbẹ̀. Katapílà á ti rún gbogbo ìyókù mọ́ ilẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́lété kì í sọ pé òun fẹ́ wó ilé. “A fẹ́ lọ tú ilé lágbájá” ló máa ń wí, bí obìnrin tó fẹ́ tú irun orí. Bó sì ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń tú irun kì í ti ìpìlẹ̀ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀, ibi tí onídìrí parí sí ló ti ń tú u bọ̀. Ohun tí wọ́n fi sára ilé kẹ́yìn lẹ ó kọ́kọ́ yọ. Ọdún 1969 ni mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá náà, mo rò pé lọ́jọ́ kejì ni n ó máa to búlọ́ọ̀kù. Garawa ìṣó kan ló gbé ka iwájú mi, gbogbo rẹ̀ ló ti wọ́, wọ́n yọ ọ́ lára igi òrùlé àtijọ́. Ó fún mi ní òkúta kan àti hámà kan, ó ní kí n máa nà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Àtàǹpàkò mi wú tó fi dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo bú bàbá náà nínú mi títí.

Ṣé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára? Kò wọ̀ mí. Lọ́dún 1991, èmi náà ti di fóòmànù, a fẹ́ palẹ̀ ilé kan mọ́ ní Mọ́kọlá. Onílé ń kánjú, èmi náà ń kánjú, mo gba katapílà láyè. Láàárín ọjọ́ kan ààbọ̀, ilé ti di òkìtì: ìrókò, gíláàsì, búlọ́ọ̀kù, wáyà, bẹ́ẹ̀dì tí ayálégbé fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pò pọ̀ mọ́ ilẹ̀ pupa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, kò sì ṣe é lò. Ìrìn típà mẹ́tàdínlógún la fi kó o dà nù. Nígbà tó wá kan ilé tuntun, ó di pé kí a kún abẹ́ ilẹ̀ yàrá kí a tó da kọnkéré lé e. Mo bá tún ránṣẹ́ pe típà pé kó lọ gbé òkúta wá. Onílé wò mí, ó ní, “Fóòmànù, ṣé kì í ṣe irú èyí la sanwó pé kí wọ́n kó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí oníná gé iná kúrò lórí òpó, kí pọ́ńbà sì dí omi. Ẹ pe kápẹ́ńtà méjì àti lébìrà mẹ́rin. Kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn tòun ti férémù, fèrèsé, irin, síǹkì, àti wáyà. Lẹ́yìn náà ni àjà (ẹ ka ìdáhùn mi sí ará Bódìjà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àjà o), páànù, igi òrùlé. Ìgbà tí ilé bá ṣẹ́ku ògiri nìkan ni kí wọ́n máa sọ̀ ọ́ láti òkè wálẹ̀, ìlà búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ti ògiri láti ìsàlẹ̀. Mo ti rí ibi tí ògiri ti wó lu ẹni tó ń ti í.

Búlọ́ọ̀kù tó bá jáde lódindi, ẹ fi ẹ̀yìn àdá gbá sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Gbé e dé àyà, jẹ́ kó já bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Èyí tí kò bá fọ́ dára fún fẹ́ǹsì, ilé ẹ̀ṣọ́, ògiri kòtò sókàwéè. Ẹ má fi í gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èyí tó bá fọ́, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bí ìkúùkù, abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni àyè rẹ̀. Nínú ìṣirò tèmi, yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tẹ́ ẹ bá kún un ga ní íǹṣì 6, á gbé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù onííǹṣì 9 bí 90 sí 100 mì. Ẹ ka iye yàrá yín, ẹ ó mọ iye ìrìn típà òkúta tẹ́ ò ní rà. Igi, ẹ kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Bódìjà, kí wọ́n wò ó, àmọ́ ẹ yọ ìṣó ara rẹ̀ tán o, nítorí ìṣó kan ṣoṣo lè ba ayùn ẹ̀rọ jẹ́. Irin, àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke ra àlòkù á wá a dé ojúlé. Ẹ má tà fún ẹni àkọ́kọ́.

Bí ilẹ̀kùn iwájú bàbá yín bá jẹ́ ìrókò lóòótọ́, ẹ gbé e sí ẹnu ilé tuntun.

N ò ní tàn ọ́: kò yá. Ohun tí katapílà á fi ọjọ́ méjì ṣe lè gbà yín ní ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ọjọ́ méjìlá, owó lébìrà sì ń lọ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ta kú pé katapílà lòun fẹ́, kó wá lẹ́yìn tí ilé bá ti ṣófo, kó wá fọ́ kọnkéré lẹ́ńtù tó wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé, àti ti fandéṣọ̀n tó wà lábẹ́ ilé. Iṣẹ́ tó bá a mu nìyẹn. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ta ló ni kí ni.

*Bàbá, aládùúgbò mi ń da àwókù ilé sínú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Apẹ̀tẹ̀. Ó ní ilẹ̀ òun lòun ń kún. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé omi á wá ọ̀nà tirẹ̀. — Onílé Etí Odò*

Òótọ́ ló sọ, omi á wá ọ̀nà tirẹ̀. Yàrá ìgbàlejò rẹ ni ọ̀nà náà.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún lónìí lè rò pé ìtàn àròsọ ni ọ̀rọ̀ odò Ògùnpa tó kún bo Ìbàdàn. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Mo rí páànù ilé tó ń léfòó bí ewé. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ó tún ṣẹlẹ̀, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, afárá lọ, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ. Òjò ọjọ́ méjèèjì pọ̀ lóòótọ́, n ò sọ pé àwókù nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n odò tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà ogún, tí a ti fi pàǹtí àti àfọ́kù ògiri sọ di mẹ́jọ, níbo lẹ fẹ́ kó gbé ìyókù omi gbà?

Ẹ sọ fún un bákan náà pé òun fúnra rẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Àwókù tó ṣe é fi kún ilẹ̀ ni èyí tó mọ́: búlọ́ọ̀kù, kọnkéré, táìsì, òkúta. Abẹ́ ilé, láàárín ògiri fandéṣọ̀n, ni wọ́n ń dà á sí. Ìpele íǹṣì 6, kí wọ́n gún un kó le, kí wọ́n tó da ìpele míì lé e. Ohun tí òun ń dà, bí mo ṣe mọ àwọn típà wa, igi wà nínú rẹ̀, nylon wà níbẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀. Igi á jẹrà, àpò á jẹrà, ihò á ṣẹ́kù. Ilé tó bá kọ́ sórí rẹ̀ á máa rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ògiri á sì máa là láti igun fèrèsé. Á wá ní bíríkìlà ló fi sìmẹ́ńtì jalè.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé kọ́kọ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ béèrè ọ́fíìsì wolé-wolé, kẹ́ ẹ kọ̀wé, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò mọ́ ọn pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á. Kó tó di oṣù Kẹta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni o.

*Ẹ káàárọ̀, sà. Olùkọ́ àná ni mí. Mo fẹ́ yọ àjà ilé mi ní Bódìjà àtijọ́ kí n fi POP, àjà funfun ìgbàlódé yẹn, sí i. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe é ní àjà náà le bí àwo, àwọn á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, àwọn á sì fi dí kòtò ojú ọ̀nà mọ́tò mi, kó má bàa ṣòfò. Mo yìn wọ́n. Ṣé mo ṣe dáadáa? — Tísà Àgbà, Bódìjà*

Tísà, ẹ dá wọn dúró lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má tíì lu nǹkan kan.

Àjà tó le bí àwo nínú ilé tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asbestos. Ó wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà, ìjọba ń lò ó, ilé ìwé ń lò ó, èmi náà ti fi ayùn gé e láìmọye ìgbà, mo fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò lójú ìlà kí n lè rí ibi tí mo ń gé. A ò mọ̀ nígbà náà. Fọ́nrán tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ó tín-ín-rín débi pé ojú ò lè rí i, ó sì máa ń dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró tí kì í jáde. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe lọ́jọ́ náà ni yóò hàn, ó lè tó ogún ọdún sí ogójì ọdún. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ti fòfin dè é.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ lójú ìwé yìí nípa lílo àwókù padà, ẹ yọ asbestos kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń lò padà. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ sójú ọ̀nà mọ́tò, taya yóò máa lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ọmọ yín á sì máa fà á símú.

Bí àjà náà kò bá tíì ya, tí kò sì là, ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ kùn ún lọ́dà. Asbestos tí a kò dà láàmú kì í fi bẹ́ẹ̀ tú eruku. Ṣùgbọ́n bó bá di dandan kó kúrò, kí gbogbo ará ilé jáde. Kí wọ́n wọ́n omi sí i kó rin, kí wọ́n fara balẹ̀ yọ ìṣó, kí wọ́n rọra gbé pákó àjà kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ lódindi. Kò sí ayùn, kò sí hámà, kò sí ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Aṣọ tàbí ìbomú tí à ń wọ̀ nígbà kòrónà kò tó. Ẹ wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eruku tín-ín-rín. Kí wọ́n fi nylon tó nípọn dì í lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ ibi tí wọ́n máa rì í mọ́. Ẹ má sun ún, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́mọlanke gbé e.

Nígbà ìbúgbàù ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 ní àdúgbò yín níbẹ̀, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ilé tó wó. Eruku ni èmi ń rò.

*Apá kan ilé bàbá bàbá wa ní Bẹẹrẹ ti dàlàpà. Amọ̀ ni. Ẹnì kan ní ká fi amọ̀ náà kún abẹ́ ilẹ̀ ilé tuntun, ẹlòmíì ní ká dà á nù. — Mọ́gàjí Lọ́la*

Àwọn méjèèjì ò tọ̀nà, Mọ́gàjí. Ẹ má fi ìṣù amọ̀ sábẹ́ ilẹ̀: ó máa ń mu omi, ó ń wú, bó bá gbẹ ó sún kì, ilẹ̀ yàrá á sì là. Ẹ má sì dà á nù, torí nínú gbogbo àwókù tí mo mọ̀, òun nìkan ló lè padà di ògiri láì dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ni ilé yẹn ṣe é. Bí ògiri bá wó, wọ́n á tu ú, wọ́n á rin ín, wọ́n á fẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á tún un mọ. Láyé wọn, kí ni típà fẹ́ wá gbé?

Lónìí, ẹ lè fọ́ ọ, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ kí pàǹtí àti gbòǹgbò kúrò, kẹ́ ẹ pò ó pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, NBRRI, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ń gbé irú bíríkì amọ̀ tí ń wọnú ara wọn lárugẹ tipẹ́. Bí ẹ bá ṣe mẹ́wàá, ẹ rẹ méjì sínú omi mọ́jú. Èyí tó bá yọ́, sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó tàbí amọ̀ rẹ̀ ò dáa.

*Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Ṣé a lè fọ́ kọnkéré àtijọ́ ká fi da dẹ́kìn tuntun, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, dípò òkúta? Mo kà á pé wọ́n ń ṣe é lókè òkun. — Ọmọ Ìwé, Ṣángo*

Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Japan ṣe òfin lọ́dún 2000 tó fi dandan lé e pé kí wọ́n ya kọnkéré àti igi sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ń wó ilé. Àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù náà gbé òfin kalẹ̀ lọ́dún 2008 pé, nígbà tó bá fi máa di 2020, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwókù gbọ́dọ̀ máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òfin kankan: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn obìnrin ló jókòó ti òkìtì, tí wọ́n ń fi hámà gbá bíríkì mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ṣe é lò ní Berlin, wọ́n fi mọ òkè kan tó ń jẹ́ Teufelsberg, ó ga ní nǹkan bí mítà 120 sí ojú òkun.

Ṣùgbọ́n dẹ́kìn tìrẹ, má dán an wò. Sìmẹ́ńtì àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ara òkúta náà ń mu omi. Á fa omi inú kọnkéré rẹ gbẹ, lébìrà á rí i pé ó ń gan, á bu omi kún un, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti dín kù. Àwọn tó ń lò ó lókè òkun ní ẹ̀rọ tó ń fọ̀ ọ́, tó ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń dán an wò kí wọ́n tó dà á. Tiwa, fi sí abẹ́ ilẹ̀ yàrá, ọ̀nà ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ kòtò sókàwéè, abẹ́ ọ̀dà ojú ọ̀nà. Irin tó bá jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n tún ń nà, àárẹ̀ ti mú un nínú. Tà á fún àwọn tó máa yọ́ ọ. Irin tí a bá yọ́ padà ń di irin tó dára bíi tàkọ́kọ́.

*Bàbá, bíríkìlà ni mí ní Àkóbọ̀. Oníbàárà mi ka òkìtì àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ó ní mo fi owó òun ṣòfò. Ṣé ẹ̀bi mi ni? — Ọ̀dọ́mọdé Bíríkìlà*

Ìdajì rẹ̀ ni tìrẹ. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ wà lórí ẹni tó ya pùláànù. Búlọ́ọ̀kù gùn ní íǹṣì 18, sìmẹ́ńtì àárín á gba íǹṣì kan. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà 12 geere á gba búlọ́ọ̀kù méje àti àjákù kan, ìlà kọ̀ọ̀kan lo ó gé, ìlà kọ̀ọ̀kan lo ó ju ìyókù nù. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 àti íǹṣì 8, búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ ló bọ́ sí i pérépéré. Íǹṣì mẹ́jọ yẹn, onílé á rí àyè fún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìwọ náà ò ní gé nǹkan kan. Sọ ọ́ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀bi kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ra búlọ́ọ̀kù àná. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ò tíì wọ́n lómi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló fẹ́ ṣe bí kò ṣe kó fọ́ nínú típà? Bí àwakọ̀ bá sì dà á sílẹ̀ bí ẹni da iyanrìn, pè mí wá kí n wá bá a jà.

Tìrẹ wá kù. Irin kan gùn ní mítà 12. Kí ayọnbẹ́ńdà, ẹni tó ń tẹ irin, tó gé ohunkóhun, kó kọ gbogbo gígùn tó fẹ́ sára pákó, kó sì wá èyí tó máa bọ́ sí 12 láìṣẹ́kù púpọ̀. Ègé kúkúrú ni kó fi ṣe òrùka irin òpó. Sìmẹ́ńtì, orí pákó ni kó wà, kó má kan ògiri, èyí tó kọ́kọ́ dé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, agbára rẹ̀ ti ń lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe pílásítà, tẹ́ pákó sí ẹsẹ̀ ògiri, èyí tó bá já bọ́, gbé e padà kíá kó tó gan. Ìwọ̀nba tẹ́ ẹ lè lò láàárín wákàtí kan ni kẹ́ ẹ pò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kó o kan àpótí ìdérí gọ́tà bíi mẹ́ta sílẹ̀ láti àárọ̀. Kọnkéré tó bá ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́, tí gbogbo lébìrà fẹ́ dà sí ìdí igi máńgòrò, àpótí yẹn ni kó lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, onílé ò ní ra ìdérí gọ́tà kankan, á sì gbàgbé òkìtì tó kà.

Àti igi fọ́ọ̀mù rẹ, èyí tẹ́ ẹ fi gbá kọnkéré tútù dúró: ha sìmẹ́ńtì kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó o bá yọ ọ́. Lọ́la, ó ti di òkúta.

*A da àfọ́kù POP sínú kòtò sókàwéè àtijọ́. Báyìí, òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ń jáde níbẹ̀. — Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà*

POP tó bá wà nínú omi níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, gáàsì ló ń tú jáde, òun lẹ̀ ń gbóòórùn. Ó lè pa èèyàn nínú kòtò. Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀, kódà bó ní òun ò ní pẹ́. Ẹ pe àwọn tó ní ọkọ̀ tó ń fa kòtò. Láti òní lọ, POP kì í wọ kòtò, kì í sì wọ inú àwókù tí a ó da kọnkéré lé lórí, torí ó ń jẹ sìmẹ́ńtì.

*Àfọ́kù táìsì ńkọ́? — Oníbéèrè Kékeré, Òjé*

Lọ sí Ilé-Ifẹ̀, wàá rí ìdáhùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Láti nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni wọ́n ti ń fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ àgbàlá níbẹ̀, wọ́n á rì í ní ìdúró, etí rẹ̀ lókè, lẹ́sẹẹsẹ bí egungun ẹja. Ó ṣì wà títí dòní. Tìrẹ, to àfọ́kù táìsì sórí sìmẹ́ńtì tútù ní bàràǹdà tàbí ẹ̀yìnkùlé, ojú tó ń jọ̀lọ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ nígbà òjò. Wọ ìbọ̀wọ́ o. Ó mú ju abẹ lọ.